Nígbà Tí Ẹgbẹ́ Ilé Wa Ń Kó Lọ Sínú Ẹ̀rọ Tuntun

Ariwo tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí bí mo bá ronú kan ọdún yẹn kì í ṣe ariwo ẹkún. Ariwo bọ́tìnì ni. Ka-ka-ka, ka-ka, bí ìgbà tí ẹ̀wà gbígbẹ ń bọ́ sínú páànù, láti pálọ̀ títí dé ilé ìdáná, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí iná bá wà, fáànù á máa ráhùn lókè àjà. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé tó wà ní klósì wa, òpópónà kékeré tí a ń gbé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tiwa ni yóò sì dún kẹ́yìn, nítorí pé bàbá àwọn ọmọ mi kì í tan án láì kọ́kọ́ nù ún kí wọ́n sì wo epo inú rẹ̀. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá táǹkì omi, àwọn ọmọdé á máa jà lórí ẹni tí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣáájú. Ilé tí ìjọba àpapọ̀ fún bàbá wọn nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ la ń gbé ní Fẹ́sítáàkì, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú bálíkónì kékeré kan tó kọjú sí pápá. Ibẹ̀ náà la ṣì wà títí di òní.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé Mojí, ọmọ mi obìnrin, pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ilé rẹ̀ ní Amúwo. Òun náà ti di ìyá ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ géèmù tuntun wálé, èyí tó dé gbẹ̀yìn pátápátá, ó sì ní, “Mọ́mì, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé o. Ẹ bá mi gbé àwọn àgbà yẹn sọ̀kalẹ̀.” Àwọn àgbà tó ń sọ ni àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tó wà lórí wọ́ọ̀dúróòbù mi, tí mo fi aṣọ mímọ́ bò. N kò bi í pé kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá jáde, tí èyí tó wà nílẹ̀ sì di àtijọ́, èmi àti Mojí la máa ń jókòó kó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan láti inú ti àná sínú ti òní, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn. Èmi ni mo máa ń kà á sókè, òun ni ó máa ń kọ ọ́. Ọdún tí a kọ́kọ́ ṣe é ni mo fẹ́ sọ.

Dípọ̀ ni àkọ́bí mi, Mojí ni ìkejì, n kò sì bí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Dípọ̀ ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní síkúlà. Àwọn aládùúgbò kan a máa fún àìsàn náà ní orúkọ mìíràn, mo sì máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ tún un ṣe fún wọn: ara èmi àti bàbá rẹ̀ ló ti gbà á, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ọmọ tó ń wá ọ̀nà àtipadà síbi tó ti wá. Dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òtútù mú òun, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun. Nítorí náà, bí àwọn ọmọ klósì bá ti bọ́ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́, orí bálíkónì ni Dípọ̀ máa ń wà, pẹ̀lú ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti tíréè ẹ̀wà lórí itan. Ẹ̀wà ṣíṣà ni iṣẹ́ ilé tí mo yàn fún un, nítorí pé iṣẹ́ àjókòóṣe ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé òkúta kan kò já mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílé wa. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣa ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń ròyìn bọ́ọ̀lù tó ń lọ nísàlẹ̀, tòun ti oríkì àti ẹ̀fẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò ní gbá a bí kò bá tíì jókòó. Bí ẹnì kan bá jẹ góòlù, òkè ni yóò kọ́kọ́ wò: “Dípọ̀, ṣé o rí mi? Ṣé o rí mi?” Èmi a máa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná gbọ́ ọ, ìdùnnú á dé sí mi lọ́kàn, nǹkan mìíràn á sì tẹ̀lé e.

Àbúrò mi ló fún wọn ní ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ pé ó ti lò ó tẹ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí Dípọ̀ fi rí ibì kan nínú géèmù náà tí èèyàn ti lè pa orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ́, kí ó fi orúkọ tó wù ú sí i, kí ó yan bí wọn yóò ṣe ga, bí ẹsẹ̀ wọn yóò ṣe yá, bí ìbọn ẹsẹ̀ wọn, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, yóò ṣe le. Ó bá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Ilé Wa. Èmi ni mo ń ṣọ́lé. Ó ní kò sí ohun tó ń kọjá lójú mi. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá, láàárín gbùngbùn, nítorí pé wọn kì í kúrò níbi tí wọ́n bá dúró sí. Mojí ni ẹlẹ́sẹ̀ eré ní ọ̀tún. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú wà láàárín, wọ́n ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ọ̀tá. Ó fi Bàbá Múdà tó ń ṣọ́ géètì sí i. Ó fi Bọ̀dá Chídì sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Agboju, tó máa ń bá wa tún ẹ̀rọ náà ṣe bó bá dákẹ́. Àwọn ọmọ klósì ló fi kún ìyókù. Dípọ̀ fúnra rẹ̀ ni a máa ń mú wọlé lẹ́yìn láti rọ́pò ẹlòmíràn. Orí bẹ́ǹṣì ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo rí ní ọjọ́ kan tí mo jókòó tì í, tí mo na ìka sí ìlà kan lójú tẹlifíṣọ̀n.

“Kí ni èyí?”

“Okun ni, Mọ́mì. Bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó rẹ èèyàn.”

“Mojí ní okun rẹpẹtẹ. Bàbá Múdà tó ń fi ọ̀pá rìn ní púpọ̀. Kí ló dé tí tìẹ jẹ́ tátì péré? Ṣebí ìwọ lò ń kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa, fi kún un.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ kì í fún ọmọ ní máàkì tí kò gbà?”

“Wọ́n ti mú yín, Mọ́mì!” Mojí pariwo láti orí àga.

“Ẹ wo ti ìbọn ẹsẹ̀ mi,” ni Dípọ̀ wí. “Náíntì-náìn, kò sí èyí tó ga jù ú lọ. Ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n tí mo bá fún un lókun púpọ̀, mi ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Eléyìí, tó bá wọlé báyìí, mo mọ̀ pé èmi ni.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di òfin ilé wa. Ní ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á wọ ilé ìdáná lọ síbi ìrẹsì àti dòdò, àwọn méjèèjì á gbá a pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n á pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, Dípọ̀ á máa ròyìn. Ìgbà tí mo bá gbé abọ́ ìrẹsì sórí tábìlì, tí ọmọrí rẹ̀ dún, ni Dípọ̀ tó máa wọ pápá. Ó lè jẹ góòlù kan tàbí méjì, nítorí ìbọn ẹsẹ̀ yẹn, àmọ́ kì í pẹ́ rárá tí á fi rẹ̀ ẹ́. A máa rí i lójú tẹlifíṣọ̀n, tí ó tẹ̀ ba, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Dípọ̀ á ní, “Ẹ dúró dè é.” Mojí á dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, Dádì á gbá a sí Mọ́mì, Mọ́mì á gbá a padà sí Dádì, títí tí Dípọ̀ inú ẹ̀rọ yóò fi nàró. Inú Mojí kì í dùn sí i: “Wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ wa o! Wọ́n á jẹ ẹ́!” Dípọ̀ kì í yí ohùn padà: “Ẹ dúró dè é.” Èmi mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Bí a bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ibì kan wà lẹ́yìn kọ́nà kejì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wúwo. Bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa tú okùn bàtà tí kò tú, wọ́n á tún máa so ó, Mojí á máa wo òdòdó ẹnu géètì àwọn èèyàn, èmi á máa wá nǹkan nínú báàgì. Bí Dípọ̀ bá ti mí kanlẹ̀, okùn bàtà á ti so tán, a ó máa lọ.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún náà ni bàbá wọn gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé. Gbogbo klósì ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń làágùn, pé irun wọn ń mì. Mojí fò títí ó fi gbá ife omi dànù. Dípọ̀ kò sún mọ́ páálí náà. Bọ̀dá Chídì ti Agboju wá láti bá wa so wáyà rẹ̀, Dípọ̀ sì na káàdì kékeré kan sí i, èyí tí ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń tọ́jú gbogbo ohun tí a bá ṣe.

“Bọ̀dá, eléyìí ńkọ́?”

Bọ̀dá Chídì yí i wò. “Àh, Dípọ̀, no vex o. Eléyìí ò lè wọ tuntun. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn rárá.”

“Kò sọ́nà kankan?”

“Kò sí. Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀ síbẹ̀ jàre, kí ẹ dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀.”

“Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Bọ̀dá. Nọ́ńbà mẹ́jọ.”

“Èmi? Ṣé mo mọ̀ ọ́n gbá?”

“Ẹ máa ń fi ikùn gbà á.”

Mojí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bọ̀dá Chídì di ikùn rẹ̀ mú. “Ẹ gbà mí! Nígbà náà, ẹ má fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ o. Ẹ kó mi dání!”

Èmi ni mo ní kí a fi àpèkọ ṣe é. Kò sí iṣẹ́ tí mo mọ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí a bá ti fọ yunifọ́ọ̀mù tán tí a sá a sí bálíkónì, bàbá wọn á gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré jáde láti yàrá wa, a ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pálọ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ ń bẹ lára ọ̀kan, tuntun ń bẹ lára èkejì. Mo máa ń wọ gíláàsì mi, mo máa ń kà á láti ojú ti àtijọ́, lẹ́ẹ̀mejì, bí mo ti ń ṣe ní kíláàsì, Dípọ̀ á máa tẹ̀ ẹ́ sínú tuntun.

“Dádì. Eré sísá: fọ́tì. Eré sísá: fọ́tì.”

“Fọ́tì kẹ̀?” Ohùn bàbá wọn jáde láti ẹ̀yìn ìwé ìròyìn. “Èmi tí mò ń fi ẹsẹ̀ rìn dé Agboju?”

“Dádì, gbogbo èèyàn lẹ máa ń dúró kí lọ́nà.”

“Ọmọ yìí, ṣé ìkíni ló ń mú ẹsẹ̀ èèyàn wúwo? Tíṣà, ẹ bá a sọ̀rọ̀.”

“Fọ́tì,” ni mo tún kà. “Ohun tó wà nínú ìwé la ń kọ nínú àpèkọ.”

Bàbá wọn gbé ìwé ìròyìn padà sójú, àmọ́ ìwé náà ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. A kó ìyá mi, a kó Bàbá Múdà, a kó Bọ̀dá Chídì tòun ti ikùn rẹ̀. Dípọ̀ kò jẹ́ kí a kó òun. Bí mo bá dé orí orúkọ rẹ̀, á ní, “Ẹ fò ó, Mọ́mì. Èmi la máa fi parí.” Bí ó ti ń ṣe nídìí oúnjẹ náà nìyẹn, gbogbo wa á ti mú ẹran kí ó tó na ọwọ́. Ó ku òun nìkan nígbà tí ọyẹ́ dé.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le. A fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, a ń fún un ní omi mu ní gbogbo ìgbà, gbogbo ohun tí a mọ̀ ni a ṣe. Ìrora náà dé ní ẹsẹ̀, ó lọ sí ẹ̀yìn, ó lọ sí àyà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí Mojí wá kí i, ohun tí Dípọ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ṣé ẹ ò tíì gbá a láìsí mi?”

“Báwo la ṣe fẹ́ gbá a? O ò tíì sí níbẹ̀.”

“Ẹ dúró dè mí,” ló wí.

Kò padà wálé. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí tẹ̀lé òkú ọmọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló lọ sin ín, èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ láàárín àwọn èèyàn tó ń sọ pé kí a má sunkún. Títí di òní, n kò mọ ibẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn aládùúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ìyá Mojí, pẹ̀lú ìṣọ́ra, bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Àánú ló mú wọn ṣe é, n kò sì tún un ṣe fún wọn. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò yí i padà. “Ìyá Dípọ̀,” ni wọ́n ń pè mí, wọ́n sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ òní. Àwọn ọmọ klósì kò gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbá a láìsí ìròyìn, ìró ẹsẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ọmọ kan jẹ góòlù, ó sì gbójú sókè kó tó rántí. Èmi ni mò ń ṣa ẹ̀wà fúnra mi, òkúta sì ń já mọ́ wa lẹ́nu.

Mo ti fi aṣọ tábìlì bo ẹ̀rọ méjèèjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Mojí ṣí aṣọ náà. Mo gbọ́ ariwo bọ́tìnì láti ilé ìdáná, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi jáde kí n tó mọ̀. Ó ti tan tuntun. Ẹgbẹ́ Ilé Wa wà níbẹ̀ pé pérépéré, èmi, Dádì, ìyá mi. Ṣùgbọ́n lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí Dípọ̀ yẹ kó wà, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí jókòó síbẹ̀, àjèjì kan tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti fi síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, tó wọ nọ́ńbà ọmọ mi.

“Mọ́mì, ta lèyí?” ni Mojí bi mí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Kó dìde níbẹ̀. Kó dìde!”

Bàbá rẹ̀ ló lọ gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré jáde. Wọ́n so ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ ọn, wọ́n nu ojú rẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sí àga wọn láìmú ìwé ìròyìn dání. Mo wọ gíláàsì mi. Mo kà á, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mejì. Mojí ń tẹ̀ ẹ́. Gíga. Ẹsẹ̀ tó fi ń gbá a. Ìbọn ẹsẹ̀: náíntì-náìn. Mo dé orí okun, ohùn mi sì dúró.

“Mọ́mì, ẹ má kà á,” ni Mojí wí. “Ẹ jẹ́ kí n fi náíntì-náìn síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́. Kó má rẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó kéré tán, níbí.”

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló jáde. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ ìjọba láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn láìkọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sórí fáìlì, àmọ́ wọ́n ní, “Fún un, Mojí. Fún un ní gbogbo ẹ̀. Kí ló tún kù tí a lè fún un?”

Ọwọ́ Mojí ti wà lórí bọ́tìnì. Àwọn méjèèjì ń wò mí. Mo wo ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tátì náà wà níbẹ̀ bí ọmọ náà ti kọ ọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, bírò pupa ni mo fi ń jẹun. Mo ti tún iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe kọjá ohun tí mo lè kà. “Dádì Dípọ̀,” ni mo wí, “ẹ má bínú. Mojí, má bínú. Ẹni tí kì í rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Èmi kọ́ ni mo bí i. Bí a bá fi òun síbẹ̀, àjèjì mìíràn la tún gbé jókòó.”

Bàbá wọn fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n mi orí pé kí n máa kà á.

“Okun,” ni mo kà. “Tátì. Okun: tátì.”

Mojí tẹ̀ ẹ́. Àjèjì náà dìde, Dípọ̀ sì jókòó.

Kò sí ẹni tó sọ pé kí a gbá a. Mojí kàn pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, èmi náà sì padà sí ilé ìdáná. Ìrẹsì ti fẹ́ jóná nísàlẹ̀. Mo bù ú, mo dúró títí mo fi gbọ́ pé abala kìíní ti parí, mo gbé e wá sórí tábìlì, mo sì jẹ́ kí ọmọrí rẹ̀ dún. Mojí mú Dípọ̀ wọlé. Lóòótọ́ ni wọ́n ń làágùn nínú ẹ̀rọ tuntun. Irun wọn ń mì. Ó sá eré, ó gbà á, ó gbá bọ́ọ̀lù kan tó ba igi góòlù, ó tún sáré padà, kò sì pẹ́ tí mo fi rí i lẹ́bàá ìlà, tí ó tẹ̀ ba, tí ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ti ẹni tó ń wá èémí. Bó ti máa ń rí gan-an lẹ́yìn kọ́nà kejì ni. Ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè fi èémí yẹn hàn. Mojí dá bọ́ọ̀lù padà sẹ́yìn, sí Dádì. Dádì gbá a sí mi. Mo gbá a padà sí Dádì. Ọ̀tá ń sún mọ́ wa, ìrẹsì ń tutù lórí tábìlì, bàbá wọn ti bẹ̀rẹ̀ lórí àga, wọ́n ń tú okùn bàtà tí kò tú. A dúró dè é.